Kànga Tí Mo Ní Ó Máa Ń Gbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Mi ò ní dárúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń gbé Mínnà, tí ìdílé yín sì ti ra ilé rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo bá bàbá yín wá a. Alágbàtà ilé àti ilẹ̀ ni mí. Dìlálì ni àwọn Hausa ń pe irú wa. Èmi nìkan ni wọ́n fi Mai Gaskiya kún orúkọ rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Olóòótọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Orúkọ yẹn gan-an ni ẹrù tí mo fẹ́ sọ̀. Mo ti ń rù ú láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Mo rò pé màá rù ú wọ sàréè. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan nínú pálọ̀ mi, mo sì parọ́, èmi àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi kí n tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé olè ni mí látilẹ̀.

Ìlọrin ni bàbá mi ti wá, àmọ́ Mínnà ni wọ́n bí mi sí. Èròjà kẹ̀kẹ́ ni mò ń tà nítòsí rélùwéè. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, tí wọ́n fi Mínnà ṣe olú-ìlú, ìlú yí padà mọ́ wa lójú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rọ́ dé láti Sókótó, láti Bídà, láti Kontagórà. Àwọn kan ń sùn lọ́dọ̀ ẹbí, àwọn mìíràn ń sùn nínú mọ́tò wọn. Ẹni tó bá ní yàrá kan tó ń jò ti di ọ̀gá. Nítorí pé mo gbọ́ Hausa bí ẹní mu omi, mo sì gbọ́ Gwari díẹ̀, tí mo tún mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo mọ ilé tó ṣófo. Bí mo ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Mo ṣe é dáadáa, mi ò sì ní fi ìtìjú sọ ọ́. Mo máa ń lọ wo ilé nígbà tí òjò bá ń rọ̀, màá tún padà lọ nígbà tí oòrùn bá mú. Mi ò kì í bi onílé ní nǹkan kan kí n tó bi àwọn tó múlé tì í. Mi ò ta ilé kan fún ẹni méjì rí. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń gbé fóònù kiri, tí wọ́n ń ya fọ́tò ilé tí wọn ò wọ̀ rí, kí wọ́n wá bá mi kí n kọ́ wọn.

Ìyá Dúpẹ́ wá bá mi láàárín ìgbà yẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì fi àwọn ọmọbìnrin wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún un. Búrẹ́dì ló ń ṣe nínú yàrá ayálégbé kan ní Tudun Wada, ó ń gbé e lọ sọ́jà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, búrẹ́dì rẹ̀ sì máa ń tán kí oòrùn tó là dáadáa. Ó fẹ́ ra ilé tó ní àgbàlá, níbi tó ti lè mọ ààrò ńlá kan.

Ẹ wá wo bí obìnrin náà ṣe yan alágbàtà. Kò bèèrè ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. Ó pe àwa mẹ́ta, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó mú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ sínú ilé kan ní Tudun Wada, ó ní wọ́n fẹ́ ta á fún òun, kí la rí sí i. Alágbàtà àkọ́kọ́ ní ààfin ni. Èkejì ní kó tètè sanwó, nítorí ẹnì kan ń bọ̀ lọ́la tó fẹ́ rà á.

Èmi yí ilé náà ká. Mo fi ọwọ́ kan igi àjà, mo rí i pé ikán ti jẹ ẹ́. Mo fi han ìyá náà pé ṣáláńgá ti sún mọ́ ilé ìdáná jù, àti pé ògiri ìwọ̀-oòrùn ti ń mu òjò. Mo ní kó má rà á.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Mùíbà, ilé tí mò ń gbé rèé. Mo mọ gbogbo àbùkù rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wá ilé."

Ẹ ò lè mọ bí orí mi ṣe wú lọ́jọ́ náà. Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo bá sọ pé kò dára, Ìyá Dúpẹ́ kì í tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí mo fi pa á lára nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ipò tí mo wà. Èmi tí mò ń wá ilé fún gbogbo ayé, ayálégbé ni mí. Onílé mi rí i pé òṣìṣẹ́ ìjọba lè san ju èmi lọ, ó ní kí n kó jáde. Ìyàwó mi lóyún, àwọn ọmọ ṣì kéré. Mo wá ilé fún ara mi títí, ilé tí mo bá rí, ẹlòmíràn ti gbà á. Ó dùn mí, ó sì tì mí lójú. Ta ló máa gba alágbàtà tí kò ní ibi tó máa kó ẹrù ara rẹ̀ sí gbọ́?

Nígbà tó yá, àgbàlagbà kan, ará Ọ̀fà, tó ti fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́ rélùwéè, pè mí. Ó fẹ́ padà sílé. Ó ní kí n bá òun ta ilé òun ní Keteren Gwari. Kì í ṣe ilé ńlá. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ni, páànù rẹ̀ dára, àgbàlá rẹ̀ gbòòrò, igi máńgòrò kan sì ń ṣíji bo ẹ̀yìnkùlé. Kànga wà lábẹ́ igi náà. Bàbá náà fi ọwọ́ lé etí kànga, ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti gbẹ́ ẹ, kò gbẹ rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n."

Ẹni tó bá mọ Mínnà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn tó. Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, tí kànga gbogbo bá di ẹrẹ̀, gàrúwà ló máa ń ru omi kiri tà, iye tó bá wù ú ló sì máa pè é.

Mo mú Ìyá Dúpẹ́ lọ síbẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, nítorí náà gbogbo kànga ìlú ló kún. Ó rìn wọ àgbàlá, ó dúró. Ó wá fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí ilẹ̀, ó ní ibí ni ààrò máa wà, ibí ni tábìlì ìyẹ̀fun máa wà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Lẹ́yìn náà ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí léèrè pé kí ni àbùkù ilé náà.

Mo wo igi máńgòrò. Mo rántí ìyàwó mi àti ẹrù wa tó wà nínú àpótí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ilé yìí dára lójú. Ṣùgbọ́n kànga rẹ̀ kì í rí ẹ̀ẹ̀rùn já. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kò lè gbé ibi tí kò sómi."

Kò tiẹ̀ jiyàn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́ kó gba owó rẹ̀."

Mo wá ilé mìíràn fún un ní Tudun Wada. Mi ò ṣe é ní màgòmágó. Ilé náà lágbára, ìwé rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n àgbàlá rẹ̀ há, àwọn tó ń jó irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kànga rẹ̀ sì jẹ́ irú kànga tí gbogbo ayé ní. Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó ní kò sí ilé tí kò lábùkù, ó sì rà á.

Èmi ta ọ̀kadà mi, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlọrin ràn mí lọ́wọ́, mo sì ra ti Keteren Gwari. Mo sọ fún Ìyá Dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò rà á, pé bàbá ará Ọ̀fà ń bẹ̀ mí kí n rà á, pé màá gbìyànjú kí n gbẹ́ kànga náà jìn sí i. Irọ́ kan ló ń bí èkejì. Obìnrin náà káàánú mi. Ó dìde dúró níwájú ilé tuntun rẹ̀, ó gbàdúrà fún mi. Ó ní, "Olúwa tó fún Hágárì lómi nínú aginjù á jẹ́ kí omi sun níbẹ̀ fún yín."

Èmi tí mo mọ̀ pé omi wà níbẹ̀, mo ṣe àmín.

Lẹ́yìn tí a kó wọlé, mo pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga, kí àwọn èèyàn lè rí i pé mo gbẹ́ ẹ. Oṣù tí ẹ̀ẹ̀rùn mú jù ni. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀kalẹ̀, ó sì ké sí mi láti ìsàlẹ̀ pé, "Mallam, ruwa ga shi nan. Me muke nema?" Ó ní omi nìyí, kí ni a tún ń wá? Mo ní kí wọ́n ṣáà gbẹ́. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbẹ́ díẹ̀, wọ́n kó erùpẹ̀ síta, mo sì san owó wọn. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbọ́ Hausa ju èmi lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó ní, "Bàbá Mùíbà, ẹnikẹ́ni tó bá wá láti ilé Ìyá Dúpẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ fa omi níbí kí àwa tó fà." Bó ṣe rí nìyẹn títí di òní.

Ìyá Dúpẹ́ wá kí wa pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. Ó wo inú kànga, ó rí omi, ó sì kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí sí i níwájú gbogbo ìjọ. Ó sọ nípa alágbàtà kan, Mùsùlùmí, tó sọ òtítọ́ fún opó, tó sì fi ara rẹ̀ sínú ewu, tí Ọlọ́run sì bù kún.

Ibẹ̀ ni Mai Gaskiya ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ń wá bá mi láti ra ilẹ̀. Àwọn náà mú àwọn ará ibi iṣẹ́ wọn wá. Òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, ológun tó fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí: mi ò tún parọ́ fún oníbàárà kankan mọ́. Mo di irú ẹni tí obìnrin náà sọ pé mo jẹ́. Mo ti sọ fún olórí ọjà kan lójú ara rẹ̀ pé ilẹ̀ tó fẹ́ rà, ojú àgbàrá ni. Ilé tí mo bá fọwọ́ sí, báńkì gan-an máa ń gbà á. Mo fi iṣẹ́ yìí tọ́ ọmọ, gbogbo wọn kàwé yanjú. Mo fi iṣẹ́ yìí lọ sí Mẹ́kà. Inú mi dùn sí i, mi ò sì ní dá ayọ̀ yẹn padà.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń rí àwọn ọmọ Ìyá Dúpẹ́ tí wọ́n ń ti Tudun Wada bọ̀ pẹ̀lú garawa lórí. Kò jìnnà púpọ̀, àmọ́ ó jìnnà fún ọmọ tó ru omi. Dúpẹ́, àkọ́bí, máa ń pẹ́ dé ilé-ìwé nítorí omi. Ọjọ́ mìíràn wà tí omi ò tó, tí ìyá wọn ò ní lè po ìyẹ̀fun. Ààrò ńlá tó fẹ́ mọ, kò mọ ọ́n mọ́, nítorí kò sáyè. Ẹlòmíràn wá ṣí ilé búrẹ́dì ńlá sí ìlú, ìyá náà ń bá èyí kékeré rẹ̀ yí títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ. Kò ráhùn rí. Gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ náà bá fa omi tán, wọ́n á kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo jẹ́ kí wọ́n máa dúpẹ́. Ẹ gbọ́ mi o. Mo tiẹ̀ máa ń nà tán lórí àga mi kí n lè gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, Ìyá Dúpẹ́ wá fúnra rẹ̀. Ó ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, Tólá, ló mú un wá. Olùkọ́ ni Tólá. Òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ ra ilé lọ́nà Bosso, àwọn alágbàtà sì ti da ọkàn wọn rú. Ìyàwó mi gbé omi tútù fún wọn láti inú kànga náà. Ìyá mu omi, ó gbé ife sílẹ̀, ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Tólá, tóo bá fẹ́ yan alágbàtà, má yan ẹni tó ń yin ilé fún ẹ. Yan ẹni tó lè sọ àbùkù rẹ̀ kódà tó bá máa pàdánù owó. Wo Alájì yìí. Ilé tí a jókòó sí yìí, èmi ni mo fẹ́ rà á. Òun ló ní kí n má rà á."

Ó sọ gbogbo ìtàn náà fún un, títí dé orí àdúrà àti omi tó sun. Ojú rẹ̀ ń dán. Tólá gbọ́ ọ tán, ó sì kọjú sí mi. Kì í ṣe pé ó ń fura. Ìbéèrè olùkọ́ ni.

Ó ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín nígbà náà pé kànga náà máa ń gbẹ?"

Ìyàwó mi dúró pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Mo wo obìnrin arúgbó náà. Òtítọ́ ti dé ètè mi, mo búra.

Mo ní, "Bàbá onílé ni."

Ará Ọ̀fà náà, olóòótọ́ èèyàn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé etí kànga sọ òtítọ́ fún mi. Ó ti kú tipẹ́. Mo gbé irọ́ mi lé òkú lórí.

Mo bá Tólá wá ilé. Mo lọ wò ó nínú òjò, mo lọ wò ó nínú oòrùn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo sọ gbogbo àbùkù rẹ̀ fún un, ó sì rà á. Mi ò gba owó iṣẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ tún wá, ó tún gbàdúrà fún mi.

Mo ti bẹ Ọlọ́run ní Mẹ́kà. Mo sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àáfà wa wí nínú wáàsí kan pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn bá ṣẹ ọmọnìkejì rẹ̀, ọwọ́ ọmọnìkejì náà ni ìdáríjì wà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ sọ òtítọ́. Òun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ àwọn tó gbẹ́ kànga, tí kò bá mi sọ ọ́ rí, ó jókòó, ó ronú. Ó ní, "Tóo bá sọ fún un, ta lo fẹ́ kí ara tù? Ìwọ ni àbí òun? Obìnrin yẹn gbà pé Ọlọ́run dá òun lóhùn lọ́jọ́ kan. O fẹ́ lọ sọ fún un pé ìwọ ni."

Síbẹ̀ ọkàn mi ò gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ta ilé mi. Ibẹ̀ ni mo ti tọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kú sí. Ẹ má sì sọ fún mi pé gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí mi ò ní gbà. Mo ṣe iṣẹ́ náà, ó sì dára. Mo lè fara da èébú lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí. Ìyìn obìnrin yìí ni agbára mi ò ká mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ irú rẹ̀ rí tí ẹ rí ọ̀nà jáde, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Dúpẹ́ kí n gba àdúrà rẹ̀ tó gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí kí n máa ṣe àmín títí ọ̀kan nínú wa á fi lọ?